Gálílì Kì Í Ṣe Ọjọ́ Sátidé

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n tó la ẹnu sọ ohunkóhun. Ó mú mi kúrò nílé, kò sì jẹ́ kí ilé kúrò lára mi. Ó fún mi níṣẹ́, ó fún mi ní ẹsẹ̀ tó gba ìdúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láàárín páálí àti páálí, ó sì fún mi ní ibùsùn tí mo ń sùn sí láìbẹ̀rù. Mo sọ èyí ṣáájú, kí ẹni tó bá ka ìyókù má baà pè mí ní aláìmoore. Mo moore. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó fún mi lẹ́nu ìyìn náà ló fún mi lójú, kò sì ní kí n máa dijú rìn.

Ará Atlanta fẹ́ràn ìgbà ìrúwé ju bó ṣe yẹ kí èèyàn fẹ́ràn ohun tó ń bọ̀ lọ́dọọdún. Bí oṣù kẹta bá ti ń parí lọ, wọn a máa rìn kiri bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Wọn a wọ ṣòkòtò péńpé nígbà tí òtútù ṣì wà nílẹ̀. Wọn a gbé àga síta, wọn a jókòó, wọn a máa wo igi. Igi! Nílé wa, ẹni tó bá jókòó láti àárọ̀ tó ń wo igi, wọ́n á ti ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí rẹ̀.

Igi kan wà ní Union City, nítòsí ibi tí mo ń gbé, tó máa ń funfun láti òkè délẹ̀ bí ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àwọn èèyàn a dúró lábẹ́ rẹ̀, wọn a ya fọ́tò. Èmi náà lọ dúró níbẹ̀ ní ọdún tí mo dé, torí pé àbúrò mi obìnrin kò jẹ́ kí n sinmi lórí fóònù.

“Sister mi, ẹ ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, ká fi ṣe status. Gbogbo ẹni tó wà lókè òkun ló ń ya á. Tiyín nìkan la ò rí. Àbí ibi tí ẹ wà kò ní òdòdó ni?”

Mo dé abẹ́ igi náà. Òórùn tó pàdé mi, òórùn ẹja tí wọ́n gbàgbé sínú fíríìsà tí iná ti lọ ni. Mo gbé ẹsẹ̀ sókè, mo wo ìsàlẹ̀ bàtà mi bóyá mo tẹ nǹkan. Igi náà ni. Igi tí gbogbo ìlú ń yìn! Mo sé èémí mi, mo rẹ́rìn-ín, mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́. Àbúrò mi ní, “Ibẹ̀ á mà máa ta sánsán o!” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni kí n sọ?

Lẹ́yìn ìyẹn ni eruku dé. Mo jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé nǹkan kan tó dàbí gààrí olépo ti bo gbogbo ìta. Ó bo ọkọ̀, ó bo àga, ó bo àtẹ̀gùn. Mo ní háà, ọyẹ́ ti dé síbí náà. Mo wé gèlè, mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá iwájú ilé mọ́ tónítóní, mo fọ ọkọ̀ Aunty Fọlákẹ́. Aunty yìí ló gbà mí sílé. A kò bá ara wa tan. Ṣọ́ọ̀ṣì ló so wá pọ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wa. Ní ọjọ́ kejì, eruku náà tún ti bo gbogbo rẹ̀. Mo tún gbé ìgbálẹ̀. Ni Aunty bá ṣí fèrèsé.

“Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?”

“Eruku ni, Aunty. Mo fẹ́ gbá a kó tó wọlé.”

“Òdòdó igi ló ń gbọn ìyẹn dànù. Títí oṣù á fi parí ni. Jọ̀ọ́, wọlé, kí àwọn neighbor má rò pé mo ra ẹrú.”

Gbogbo wọn ń sín, ojú wọn pọ́n, imú wọn ń ṣomi, wọ́n ń gbé oògùn mì, síbẹ̀ wọ́n ń sọ pé, “Ẹ ò rí i bí ó ṣe lẹ́wà tó?” Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń yin ohun tó ń fún wọn ní àìsàn bẹ́ẹ̀ rí.

Mo gbọ́ tí obìnrin kan ládùúgbò wa ń bá ajá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ó ń bi í bóyá ó ń gbádùn oòrùn. Mo kí obìnrin náà. Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mo ń kí. Wọ́n máa ń sọ pé ìlú tó bá lẹ́wà lọkàn èèyàn máa ń rọ̀ mọ́. Irọ́ ni. Ibi tí wọ́n bá ti ń bi ọ́ bóyá o jí dáadáa lọkàn ń rọ̀ mọ́. Òdòdó kì í béèrè àlàáfíà ẹnikẹ́ni. Mo lè gba ibi tó kún fún òdòdó kọjá láti ilé dé ibi iṣẹ́, kí n má sì gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹ̀dá kan títí n ó fi padà dé.

Gbogbo ìyẹn ṣeé fara dà. Àjíǹde wọn gan-an ni kò ṣeé fara dà. Mo wọ ilé ìtajà, ehoro ni mo bá. Ehoro ṣokoléètì, ehoro olówùú, ehoro kan tó ga tó mi tó gbé agbọ̀n ẹyin dání. Mo bi ọmọbìnrin tó ń gbowó pé kí ni ehoro ń fi ẹyin ṣe. Ó ní ehoro ló ń gbé e wá fún àwọn ọmọdé. Mo ní ẹyin ta ni. Ó ní òun kò mọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo lọ, ẹsẹ̀ Bíbélì ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìwé kíkà. Mo mọ àwọn obìnrin tó lọ sí ibojì ní kùtùkùtù, mo mọ òkúta tó yí kúrò, mo mọ aṣọ ọ̀gbọ̀ tó wà nílẹ̀. Ehoro kò sí níbẹ̀.

Nílé, ọjọ́ kejì Àjíǹde la máa ń lọ Gálílì. Olúwa tó jí dìde ní kí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn òun wá pàdé òun níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìjọ fi ń jáde ní Mọ́ńdè yẹn, tàgbà tèwe, pẹ̀lú ìkòkò oúnjẹ, a ó lọ síbi tí omi tàbí ibòji bá wà, a ó kọrin, a ó jẹun, àwọn ọmọdé á sáré títí wọn á fi ṣubú. Ìjọba pàápàá ń fún wa nísinmi. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ Ọlọ́run sára owó rẹ̀, ta ni yóò rò pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Mọ́ńdè Àjíǹde? Èmi kò rò ó. Mo lọ aṣọ mi, mo dín ẹran, mo jókòó, mo ń retí ẹni tí yóò wá láti ṣọ́ọ̀ṣì gbé mi. Fóònù dún. Miss Darlene ni, ọ̀gá wa nílé ẹrù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní McDonough. Obìnrin dúdú ọmọ ilẹ̀ náà ni, àgbà ni.

“Ṣé ara rẹ ò yá ni?”

“Ara mi yá, Mà. Àjíǹde ni.”

“Àná ni Àjíǹde. Ó ti parí.”

“Kò lè parí, Mà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni.”

 Miss Darlene sọ fún mi, ohùn rẹ̀ kò sì le, pé bí mo bá tún pa iṣẹ́ jẹ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ náà yóò bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ lé aṣọ Gálílì, mo lọ ń gbé páálí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Mama dé. Ìyá Aunty Fọlákẹ́ ni wọ́n, wọ́n wá bá a tọ́jú ọmọ tuntun, Tọ́mi. Àgbádárìgì ni wọ́n ń gbé, etí òkun ni wọ́n ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé wọn. Àtìgbà tí wọ́n sì dé Atlanta, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé. Ẹ̀ẹ̀kan ni Aunty gbé wọn lọ sí mall ńlá kan ní Buford. Mama rìn títí ó fi rẹ̀ wọ́n, wọ́n jókòó, wọ́n wò mí.

“Àwọn tó ń tajà dà? Ta ni kí n bá ná ọjà?”

“Wọn kì í ná an, Mà.”

“Ọjà wá kọ́ nìyẹn.”

Ní ọ̀sán, bí ọmọ bá ti sùn, wọn a dúró lójú fèrèsé, wọn a máa wo òdòdó pupa tó wà lára ògiri aládùúgbò.

“Èyí dáa o. Ṣé wọ́n ń sè é ni?”

“Wọn kì í jẹ ẹ́, Mà.”

“Ṣé wọ́n fi ń ṣe oògùn?”

“Rárá, Mà. Wọ́n kàn ń wò ó ni.”

“Ó mà dàbí ọkọ àbúrò mi o.” Mama mí kanlẹ̀. “Omi ni mo fẹ́ rí, ọmọ mi. Láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò tíì rí omi tó ju ti ilé ìwẹ̀ lọ. Kò sì pẹ́ mọ́ tí n ó padà sílé. Wọ́n á bi mí ní ohun tí mo rí. Ṣé kí n sọ fún wọn pé kápẹ́ẹ̀tì?”

Òótọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde gan-an ni wọn yóò padà, Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé Àjíǹde. Nítorí náà, nígbà tí ìjọ wa kéde pé a ó lọ Gálílì lọ́dún náà, àti pé Savannah létí òkun ni a ó lọ, Mama pàtẹ́wọ́ títí tí ọmọ fi jí.

Ìpàdé wáyé lẹ́yìn ìsìn. Uncle Dípọ̀ ni alága. Ó dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, Monday kò lè work. Gbogbo wa la ní shift. A ti fi í sí Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde. Òdòdó á ti tú yẹ́, ojú ọjọ́ á dára, a ó ya fọ́tò tó mọ́yán lórí.”

Mama na ọwọ́ sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Lọ́jọ́ Sátidé, níbo ni Olúwa wà?”

 Ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn, “Nínú ibojì ni, Mà.”

“Ta wá lẹ fẹ́ lọ bá ní Gálílì?”

Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Uncle Dípọ̀ kò rẹ́rìn-ín. “Mama, Ọlọ́run mọ ọkàn wa.”

“Ó mọ kàlẹ́ńdà náà.”

Wọ́n dìbò. Sátidé ló wọlé. Àwọn tó ń fi gbogbo òru kọrin pé àwọn yóò tẹ̀ lé Jésù dé ibikíbi, wọn kò lè dúró kó kọ́kọ́ jí! Mama ká gèlè wọn, wọ́n ní kí àwọn tó ń lọ bá àwọn kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ibojì. Nínú ọkọ̀, Aunty bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n.

“Mummy, please now. Thursday lẹ máa lọ. Bí ẹ ò bá bá wa lọ ní Sátidé, ẹ ò ní rí òkun yẹn mọ́ o. Èmi àti Daddy Tọ́mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Monday.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ sì máa jókòó sílé?”

“Fọlákẹ́, màá jókòó sílé.”

Mo wo ojú wọn nínú dígí ọkọ̀. Wọ́n kọ ojú síta, síbi tí òdòdó igi ń rọ̀ sílẹ̀ lójú títì, wọn kò sì rí i.

Mo lọ bá Miss Darlene.  Ìkìlọ̀ ọdún tó kọjá ṣì wà lórí mi. Mo ní kó fún mi ní Mọ́ńdè, èmi yóò fi Sátidé dí i. Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Níbo lò ń lọ?”

“Gálílì, Mà.”

“Ibo nìyẹn wà?”

“Lọ́dún yìí, Savannah ni.”

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi nu ojú. Ó ní, “O ò ṣe béèrè lọ́dún tó kọjá? Kò ju kó o béèrè lọ.” Mo dúpẹ́. Inú mi sì dùn, torí pé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí, mo la ẹnu béèrè nǹkan, wọ́n sì fún mi. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó bí mo ṣe ń padà sídìí páálí: ilẹ̀ wo nìyí tí a ti ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá láti lọ pàdé Olúwa?

Lọ́jọ́ Sátidé tí àwọn ará ìjọ lọ, mo wà nílé ẹrù. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá sinmi, fọ́tò ló ń wọlé sórí fóònù mi. Uncle Dípọ̀ níwájú òdòdó. Uncle Dípọ̀ létí òkun. Uncle Dípọ̀ tó na ọwọ́ méjèèjì sí ọ̀run, tó gbé awò dúdú sójú. Ẹni tó bá rí i yóò rò pé òun ló jí dìde.

Ọjọ́ Ìsinmi, a jọ́sìn, a yọ̀. Ní Mọ́ńdè, Aunty fi ọmọ sọ́dọ̀ ará ìjọ kan tí kò níṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Mama ti jókòó síwájú ọkọ̀ tí Aunty yá mi, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n gbé kúlà ẹja díndín lé itan bí ọmọ. Ọ̀nà Savannah jìn, igi páìnì nìkan ló sì wà lọ́tùn-ún lósì. Mama kò yéé bú wọn: “Igi tí kò so, tí kò ní ibòji.” Ìgbà tí a dúró ra epo ni wọ́n rí ọkùnrin kan tó gbé ìkòkò kaná lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ̀pà ló ń sè, tèèpotèèpo.

“Ẹ̀pà sísè! Ta ló kọ́ wọn?” Wọ́n tọ́ ọ wò. “Iyọ̀ ti pa á.” Kí a tó rin ọ̀nà díẹ̀, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán, wọ́n ń gbọn àpò rẹ̀ wò.

N kò ní purọ́, Savannah dára. Atẹ́gùn ibẹ̀ rọrùn, ó ní òórùn iyọ̀. Àwọn igi ńlá na apá bo ojú títì, nǹkan kan bí irùngbọ̀n arúgbó sì ń rọ̀ lára wọn. Mama ní kí ló dé tí wọn kò gbá okùn aláǹtakùn kúrò lára igi wọn. Òdòdó aláwọ̀ osùn àti funfun kún àwọn ọgbà kéékèèké tó wà láàárín ìlú, àwọn èèyàn jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń jẹ áísìkirîmù, wọn kò kánjú. Mo wá ohun tí n ó fi pẹ̀gàn rẹ̀, mo rí i: wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ páàkì lábẹ́ ibòji tí Ọlọ́run dá lọ́fẹ̀ẹ́.

A ń rìn kọjá níwájú ilé kan. Ìyá àgbàlagbà kan, dúdú bíi tiwa, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó kí wa, ó ní gèlè Mama wu òun. Mo túmọ̀ rẹ̀. Mama dúró gbagidi.

“Òun ló kọ́kọ́ kí mi?”

“Òun ni, Mà.”

“Láìjẹ́ pé mo kí i?”

Mama yíjú sí i. “Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú atẹ́gùn. Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, ilé ò ní dàrú, ọ̀nà ò ní dí.” Ìyá náà kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Ó ní, “Àmín!” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Títí a fi dé etí òkun, Mama kò bú igi kankan mọ́.

Nígbà tí wọ́n rí omi, wọn kò pariwo. Wọ́n dúró sórí yanrìn, wọ́n fọwọ́ ṣíji bo ojú.

“Òun náà nìyí.”

“Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni, Mà?”

“Omi ẹ̀yìn ilé mi náà kọ́? Òdì kejì la bọ́ sí.” Wọ́n tẹ ìka bọ̀ ọ́. “Ó kàn tutù ju tiwa lọ ni. Bíi gbogbo nǹkan wọn.”

Mo tẹ́ ẹní. Mama ní kí n kọ́kọ́ bá àwọn pe Ìyá Gbénga, olórí àwọn obìnrin ìjọ wọn ní Àgbádárìgì, kí àwọn lè jọ kí ara àwọn kú Gálílì. Ọjọ́ ti rọ̀ lọ́hùn-ún. Ojú ìyá náà yọ lórí fóònù.

“Ìyá Gbénga, ẹ kú Gálílì o! Ṣé ẹ ti ti etí omi dé?”

“Etí omi kẹ̀? Mama Fọlákẹ́, a ti ṣe é lánàá.”

“Ẹ ṣe kí ni lánàá?”

“Gálílì. Lẹ́yìn ìsìn, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ta kánópì, wọ́n pín ìrẹsì sínú ike, kálukú gba ilé ẹ̀ lọ. Pásítọ̀ tuntun ní epo ti wọ́n, ọ̀nà ò sì dáa.”

Mama sún fóònù mọ́ ojú.   Gbogbo ẹ̀gàn tí mo ti kó jọ fún ará Atlanta, n kò wá mọ ibi tí n ó sọ ọ́ kà. Ilé tí mo fi ń wọn ìlú yìí láti ọjọ́ tí mo ti dé, ilé náà kò dúró dè mí.

“Ìyá Gbénga.”

“Mà.”

“Ṣé inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni Olúwa ní kí ẹ ti pàdé òun?”

“Ẹ má bínú, Mama. Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo lẹ wà tí atẹ́gùn ń fẹ́ báyìí?”

Mama gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n fi hàn án. Mo kọ ojú rẹ̀ sí òkun. Ìgbì dé, ó padà.  Ìyá Gbénga bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó wà lágbàlá rẹ̀: “Ẹ wá o! Ẹ wá wo Mama Fọlákẹ́ ní Gálílì! Ní Amẹ́ríkà!” Ojú àwọn obìnrin kún inú fóònù, gèlè lórí gèlè, wọ́n ń ti ara wọn.

“Mama, ẹ bá wa débẹ̀ o!”

“Ẹ bá wa gbàdúrà!”

Mama bọ́ bàtà. Wọ́n ká aṣọ funfun náà dé orúnkún, wọ́n wọ inú omi tútù yẹn, wọ́n gbé ojú sókè. Mo di fóònù mú kí àwọn ará ilé lè gbọ́.

“Olúwa, ẹni tó bá wá Ọ ní Sátidé, dárí jì í, iṣẹ́ òyìnbó ló ń dẹ́rù bà á. Ẹni tó bá wá Ọ lánàá lábẹ́ kánópì, dárí jì í; ọ̀lẹ ni.”

“Àmín!” ni àwọn obìnrin náà kígbe, tẹ̀ríntẹ̀rín.

“Àwa méjì tá a wá lónìí, má ṣe jẹ́ ká gbéra ga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa la ṣe é bó ṣe yẹ.”

“Àmín,” ni èmi náà wí.

Mama dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, omi ń lù wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n ń wo ọ̀kánkán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú padà sí mi.

“Gbé ẹja wá, ọmọ mi. Olúwa ti dé.”

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí dópin, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹ ṣáájú Rẹ̀ débi ìpàdé, kí Ó má sì jẹ́ kí ẹ pẹ́ dé. Ibi yòówù tí iṣẹ́ òòjọ́ bá gbé yín dé, ẹ ò ní wá oúnjẹ tì, ẹ ò sì ní wá ẹni tí ẹ ó jọ jẹ ẹ́ tì. Àmín.